Betide, come to pass, go down: kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún “nǹkan ṣẹlẹ̀” fi pọ̀ tó báyìí?

TíṣàLítíréṣọ̀
Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Nínú ìwé táwọn ọmọ yìí ń kà wọ́n máa rí befall, wọ́n máa rí betide, wọ́n máa rí it chanced that, it came to pass, wọ́n á wá délé wọ́n á ṣí fóònù, what's poppin, it's going down, wagwan, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń sọ, pé nǹkan ṣẹlẹ̀ tàbí kí ló ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni èdè kan ṣoṣo fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ṣe, àti pé èwo ló dáa, ti inú ìwé ni àbí ti orí fóònù.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé bí ẹ bá tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, ọ̀nà mélòó kan náà ni ti àtijọ́ àti ti ìgboro jọ ń tọ̀: nǹkan já bọ́ lu èèyàn, nǹkan sáré wá pàdé èèyàn, nǹkan ń lọ, nǹkan ń bọ̀, nǹkan jáde síta. Mo gbà pé òótọ́ ni, mo sì gbà pé ọmọ tó bá rí ìyẹn kò ní bẹ̀rù ìwé àtijọ́ mọ́. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ mú àpẹẹrẹ wá, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn da dikíṣọ́nárì síbí o, ẹ sọ bó ṣe jẹ́.

Àkàndé_Peckham
Tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ happen fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ torí àlejò ni. Àwọn Viking, àwọn ará Norway àti Denmark tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kọlu England láti Lindisfarne lọ́dún 793 síwájú, àwọn ni wọ́n gbé happ wá, lédè tiwọn oríire ni, ìpín tó bọ́ síni lọ́wọ́. Nígbà tó yá wọn ò lọ mọ́, wọ́n jókòó sí àríwá àti ìlà oòrùn England, wọ́n dáko, wọ́n fẹ́yàwó, èdè wọn wọnú èdè onílé. Nígbà tó máa fi di òpin àwọn ọdún 1300 happen ti wà nínú ìwé dáadáa. Hap kan ṣoṣo yẹn ló bí happy, tó jẹ́ pé olóríire ló kọ́kọ́ túmọ̀ sí kó tó wá di ẹni tínú ẹ̀ ń dùn, ó bí perhaps, ó bí mishap, ó bí hapless tó jẹ́ ẹni tí oríire jìnnà sí, ó bí haphazard, àwọn ará Amẹ́ríkà tún mú un ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ́n so ó mọ́ circumstance ó di happenstance.

Kí happen tó gorí ìtẹ́, gelimpan àti weorthan làwọn onílé ń lò. Gelimpan ti kú pátápátá. Weorthan náà kú ṣùgbọ́n ó fi nǹkan sílẹ̀: nínú King James, Ìsíkíẹ́lì 30 ẹsẹ 2, ẹ máa rí Woe worth the day, worth yẹn kì í ṣe worth ti iye owó rárá o, ó ń sọ pé kí ègbé bá ọjọ́ náà ni. Ìdílé kan náà ni òun àti wyrd ti wá, wyrd ni ohun tó máa ṣẹ sí èèyàn, àyànmọ́, òun ló di weird. Torí náà Tíṣà tí ẹ bá ń kọ́ wọn ní Shakespeare tẹ́ ẹ dé ibi weird sisters nínú Macbeth, kí wọ́n má rò pé ìwọ̀sí lórí ìrísí àwọn obìnrin yẹn ni, àwọn tó mọ àyànmọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni weird ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ohun tó ṣàjèjì lójú.

Kẹ́ ẹ tún gbọ́ èyí, Chaucer tó kú lọ́dún 1400, ibi tó ti fẹ́ sọ bí òun ṣe pàdé àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ sí Canterbury, Bifil ló fi bẹ̀rẹ̀, befall yẹn náà ni, ó ní ó bọ́ sí ọjọ́ kan ní Southwark. Southwark yìí náà ni Peckham wa wà lónìí, tí Yorùbá kún fọ́fọ́. Inú mi máa ń dùn sí i gan-an.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀yin ọmọ mi ẹ kú ọgbọ́n o. Èmi ti ń ka Bíbélì Yorùbá àti King James pa pọ̀ tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lúùkù orí kejì ẹsẹ kìíní, ìgbà tí Késárì ní kí wọ́n lọ kọ orúkọ sílẹ̀. Wycliffe àtàwọn èèyàn ẹ̀ tó túmọ̀ Bíbélì ní àwọn ọdún 1380, wọ́n kọ ọ́ pé it was don. Tyndale dé, nínú èyí tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1534 ó kọ ọ́ pé it chaunced. Àwọn ti King James lọ́dún 1611 wá kọ it came to pass. Ẹsẹ kan ṣoṣo, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta, àárín wọn ò sì tó 250 ọdún. Tiwa tó parí lọ́dún 1884 tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther jẹ́ àgbà lórí ẹ̀, “Ó sì ṣe” ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá wò ó ti Wycliffe ló sún mọ́ jù.

Ìdí tí came to pass fi pọ̀ nínú Májẹ̀mú Láéláé ni pé Hébérù ní ọ̀rọ̀ kan, wayehi, òun ni wọ́n máa ń fi ṣílẹ̀kùn ìtàn, àwọn atúmọ̀ ò sì fẹ́ fò ó. Àwọn Bíbélì òde òní ti ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n á kàn ní One day tàbí kí wọ́n má sọ nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí. Ẹni tó gbọ́ “Ó sì ṣe” á ti mọ̀ pé ìtàn fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkàn á ti jókòó.

Lórí hap tí Àkàndé sọ, Rúùtù 2 ẹsẹ 3: her hap was to light on a part of the field belonging unto Boaz. Ọmọbìnrin yẹn ń pèéṣẹ́ ọkà lẹ́yìn àwọn olùkórè, kò mọ oko ẹni tó wọ̀, ó kàn bọ́ sí oko Bóásì ni. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní oríire lásán, Ọlọ́run ló darí ẹsẹ̀ ẹ̀.

Alàgbà_Olóòtú
Màmá, ẹ kú àdúrà fún wa. Mo fara mọ́ ọn pé Ọlọ́run ló darí ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ hap síbẹ̀ kì í ṣe aláìgbàgbọ́, bí Hébérù ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni miqreh, gbòǹgbò ẹ̀ sì ni pàdé, kí nǹkan wá pàdé èèyàn lọ́nà. Òun náà ló wà nínú Oníwàásù níbi tó ti ní ohun kan náà ló ń ṣẹ sí ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀. Ẹni tó kọ ìtàn Rúùtù mọ ohun tó ń ṣe, ó jẹ́ ká rí i bí Rúùtù ṣe rí i lọ́jọ́ yẹn, oko kan ṣáà ni lójú tiẹ̀. Àwa tá a ti ka ìtàn ọ̀hún dópin la mọ ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Tíṣà, ìpàdé yẹn náà ló wà nínú occur o. Látìnì ni, currere ni kéèyàn sáré, occurrere ni kí ohun kan sáré wá pàdé ẹ. Àwọn ọdún 1500 ló wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ it occurred to me, èrò ló sáré wá bá onítọ̀hún. Àwa náà ń sọ pé nǹkan ṣe kòńgẹ́ ẹni, a ń pè é ní alábàápàdé.

Adùnní_Leeds
Ẹ káàsán gbogbo ilé, ẹ káàsán mà Màmá Ìbejì. Ní Yorkshire tí mo wà níbí hap ò tíì kú o. Àwọn àgbààgbà tá a ń tọ́jú ní wọ́ọ̀dù máa ń sọ pé Happen it'll rain. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé mo rò pé gbólóhùn yẹn ò pé ni, mo ń dúró kí wọ́n parí ẹ̀, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé bóyá ni happen yẹn, ó ń sọ pé bóyá òjò máa rọ̀. Ìtumọ̀ perhaps gan-an ni, hap kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Ọ̀nà “já bọ́” tí Tíṣà sọ, iṣẹ́ tiwa ló pọ̀ sí jù. Cadere ni Látìnì fún kéèyàn ṣubú. Òun ló gba èdè Faransé wá di chance. Accident náà òun ni, níbẹ̀rẹ̀ ohunkóhun tó bá ṣáà ṣẹlẹ̀ ni accident, rere tàbí búburú, kó tó di ìjàǹbá. Case tá à ń pe aláìsàn kọ̀ọ̀kan, òun ni. Casualty náà, tó jẹ́ pé orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ṣì ń pe ibi tí wọ́n ń gbé pàjáwìrì wá ní hospital nìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ ló ń pè é ní A and E. Ẹ wò ó, befall jẹ́ ọ̀rọ̀ onílé, chance àti accident gba France wá látinú Látìnì, ìṣubú ni gbogbo wọn. Mo ń ronú sí i lálẹ́ àná lórí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wọlé sí wọ́ọ̀dù wa tó mọ̀ lówùúrọ̀ pé ibẹ̀ lòun máa sùn.

ỌmọÈkó_Houston
Ẹ kú ìjíròrò o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti gbé ti àtijọ́ débi tó dáa, ẹ jẹ́ kí n gbé ti ìgboro. Èyí tó pọ̀ jù nínú slang tí gbogbo ayé ń sọ lónìí, ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ti wá, mo sì fẹ́ ká máa sọ ọ́ báyẹn gbangba torí wọ́n máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn láì dárúkọ wọn. Go down tó túmọ̀ sí ṣẹlẹ̀, ní àwọn ọdún 1940 ó ti wà lẹ́nu wọn láàárín àwọn olórin jazz. What's happening jẹ́ bí wọ́n ṣe ń kíra wọn kí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun ti àwọn ọdún 1960 tó gbé e. What's poppin, what's crackin, what's shakin, what's cooking, ariwo, ìró, ooru àti ìmìtìtì ló wà nínú gbogbo wọn, ìlú tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dákẹ́ ni, ìlú tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ ń hó ni. Tíṣà, ọ̀nà yìí ò sí nínú àwọn tẹ́ ẹ kà sókè, ẹ fi kún un.

What's up náà ti pẹ́, Bugs Bunny ti ń bi ọdẹ léèrè ẹ̀ nínú àwòrán eré lọ́dún 1940. Lọ́dún 2009 Jan Koum tó ń ṣe app kan ní California rí i pé orúkọ tóun fẹ́ sọ ọ́ dún bíi what's up, ó di WhatsApp. Gbogbo ìdílé wa tó ní group, ìkíni yẹn là ń dárúkọ lójoojúmọ́. Ní November ọdún 2009 yẹn náà ni Twitter yí ìbéèrè ẹ̀ padà. Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 ohun tó ń bi èèyàn ni What are you doing?, wọ́n wá rí i pé àwọn èèyàn ò sọ ohun táwọn fúnra wọn ń ṣe mọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká wọn ni wọ́n ń ròyìn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di What's happening? Ìkíni àwọn olórin dúdú di ìbéèrè tí ẹ̀rọ ń bi gbogbo ayé.

Ẹlòmíì tó tún ṣe nǹkan sí happening ni Allan Kaprow, ayàwòrán ní New York. Ní October 1959 ó kó àwọn èèyàn wọ gbọ̀ngàn kan, ó fún wọn ní káàdì tó sọ ìgbà tí wọ́n máa jókòó àti ìgbà tí wọ́n máa kọjá sí yàrá kejì, onírúurú nǹkan ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní happening. Látìgbà yẹn ni a happening ti di irú eré kan tí kì í ṣe tíátà kì í ṣe orin.

Alàgbà_Olóòtú
Ọmọ Èkó, o ṣeun, ọ̀rọ̀ ẹ kún fún ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń dùn mí. Ọdún pípẹ́ ni mo fi tún ìròyìn àwọn ẹlòmíì ṣe kó tó lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọ̀rọ̀ tí mo sì fa igi lé jù lọ ni transpire. Àwọn akọ̀ròyìn máa ń kọ pé the accident transpired at Ojota. Rárá o. Spirare ni kéèyàn mí, transpire ni kí afẹ́fẹ́ tàbí oru gba ara nǹkan jáde, ohun tí ewé ń ṣe nínú Biology tí gbogbo wa kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Látibẹ̀ ló ti di kí àṣírí jò jáde. It transpired that the minister had known all along, ìyẹn dáa, ó ń sọ pé ohun tó wà níkọ̀kọ̀ ti dé ìta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba ojú títì lọ́sàn-án gangan, àṣírí wo ló jò níbẹ̀?

Àkàndé_Peckham
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o sà. Transpire tẹ́ ẹ ń gbà lára yẹn náà, wọ́n ti bá a jà rí. Samuel Johnson nínú dikíṣọ́nárì ẹ̀ ti 1755 kọ ọ́ pé ìtumọ̀ àṣírí-jò yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti France wọlé ni, kò sì sí ohun tá a fẹ́ fi ṣe. Ẹ gbọ́ o, èyí tẹ́ ẹ ń dáàbò bò lónìí, òun ni Johnson ń lé jáde. 20 ọdún péré lẹ́yìn ìgbà náà, lọ́dún 1775, Abigail Adams kọ lẹ́tà sí ọkọ ẹ̀ John Adams tó wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, ó ní kò sí ohun tuntun tó transpire látìgbà tóun ti kọ̀wé kẹ́yìn. Webster gbé ìtumọ̀ “ṣẹlẹ̀” wọ dikíṣọ́nárì tiẹ̀ lọ́dún 1828. Ọ̀rọ̀ tó ti lò ju 200 ọdún lẹ́nu àwọn tó ni èdè, mi ò mọ bá a ṣe máa pè é ní àṣìṣe mọ́ sà.

Alàgbà_Olóòtú
Àkàndé ọmọ mi, mo gbọ́, mi ò sì bá ọ jiyàn lórí ọdún. Ohun tí mò ń sọ yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní happen, ó ní occur, ó ní take place, ó ní come about, ó ní befall. Ṣùgbọ́n fún “àṣírí ti dé ìta láìjẹ́ pé ẹnì kan tú u” transpire nìkan ló dá a ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan. Tá a bá sọ ọ́ di ìkẹfà happen a ti pàdánù ọ̀kan ṣoṣo tá a ní. Ẹni bá fẹ́ kó máa lò ó, èmi ò ní kọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì
Èmi wà lẹ́yìn Alàgbà lórí èyí. Ọ̀rọ̀ tó ní iṣẹ́ tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ tiẹ̀.

Jídé_SE15
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Wọ́n bí mi sí London níbí, Yorùbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀ ẹ foríjì mí. Wagwan tí Tíṣà mẹ́nu bà, Jamaica ló ti wá, what a gwaan, gwaan yẹn ni go on. Àwọn ará Caribbean tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́pọ̀ lẹ́yìn ogun, tí gbogbo èèyàn mọ ọkọ̀ Windrush ti 1948, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ló gbé e wọ ilé ìwé, àwa ọmọ Yorùbá, ọmọ Ghana, ọmọ Somalia, ọmọ òyìnbó náà, gbogbo wa la jọ ń sọ ọ́. Tíṣà tiwa máa ń sọ fún wa pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ what's going on ni ṣáà, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu tó sọ ọ́ ló yàtọ̀. Dádì mi ò fẹ́ kí n sọ ọ́ nílé torí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta ni, inú mi ò dùn sí i torí àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọmọ ìta.

Kicking off náà wà, tí ìjà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wọ́n á ní it's all kicking off. Bọ́ọ̀lù ló ti wá, ìgbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́.

TíṣàLítíréṣọ̀
@Jídé_SE15 Yorùbá ẹ dáa o ọmọ mi, má tọrọ àforíjì. Ohun tó o sọ nípa wagwan ni mo fẹ́ káwọn ọmọ mi gbọ́. Came to pass àti going on, ẹ gbé wọn síra wọn ẹ wò ó, ọ̀kan wá ó sì kọjá, èkejì ń lọ. Pass àti go, ìrìn ni méjèèjì. Ẹni tó gba came to pass lọ́wọ́ King James tó wá ní gwaan ò dáa, kó sọ fún mi ibi tí ìyàtọ̀ wà yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọ ọ́.

Bùkọ́lá_Yaba
Ẹ̀yin àgbà ẹ káalẹ́ o. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ti rìn débí tẹ́nikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba wetin dey sele. Ṣẹlẹ̀ tiwa ni o! Pidgin ló gbé e, àmì abẹ́ s re dànù, àwọn kan ń kọ ọ́ pẹ̀lú sh, lónìí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ Íbò, ọmọ Edo, ọmọ Warri, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá kankan yàtọ̀ síyẹn. Ìgbà tí roommate mi láti Asaba bi mí pé Bukky wetin dey sele, mo sọ fún un pé Yorùbá lo ń sọ yẹn o, kò gbà, ó ní slang ni. Wetin sup náà wà, ìyẹn what's up tí Pidgin gé orí ẹ̀ kúrò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì torí náà kò ṣe pàtàkì. Ní January 2020 Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ 29 lọ́dọ̀ Nàìjíríà wọlé, okada, danfo, mama put, tokunbo wà níbẹ̀, gist náà wà níbẹ̀ bá a ṣe ń lò ó, give me the gist, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. January 2025 wọ́n tún gba japa àti abi. Bí abi bá lè wọlé, sele náà á wọlé lọ́jọ́ kan, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

ỌmọÈkó_Houston
Bùkọ́lá o ṣé gan-an. Mò ń sọ wetin dey sele pẹ̀lú àwọn ọmọ Nàìjíríà níbí lójoojúmọ́, ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ rí pé ọ̀rọ̀ tiwa ló ń rìn báyẹn. Bá wọn kọ ọ́ pẹ̀lú s tó ní àmì lábẹ́, kí wọ́n rí ilé tó ti wá.

Adùnní_Leeds
Mo ní ìbéèrè kan. Betide yìí ńkọ́, kò tíì sẹ́ni tó tú u, ṣé tide ti òkun ló wà níbẹ̀? Àwọn ará ibí ṣì máa ń sọ woe betide you tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún ọmọdé.

Alàgbà_Olóòtú
Adùnní, ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti omi ló kọ́kọ́ wà. Tide níbẹ̀rẹ̀ ni àkókò, ìyẹn ló wà nínú Yuletide àti eventide, Zeit táwọn ará Jámánì ń pe àkókò ìdílé ẹ̀ ni. Omi òkun tó ń kún tó ń fà ní àkókò ẹ̀ ló wá jogún orúkọ yẹn. Tīdan ni kí nǹkan bọ́ sí àkókò, kó ṣẹlẹ̀, òun ni betide. Tidings náà ibẹ̀ ni, ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Good tidings tí áńgẹ́lì mú wá fáwọn olùṣọ́-àgùntàn, tí Bíbélì tiwa pè ní ìhìn rere.

Woe betide nìkan ló kù lẹ́nu èèyàn lónìí. Befall náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti ibi nìkan, irú èyí tí Jákọ́bù ń bẹ̀rù fún Bẹ́ńjámínì nígbà tí kò jẹ́ kó bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sí Íjíbítì, lest peradventure mischief befall him. Láyé Chaucer ohun rere náà lè befall èèyàn. Tíṣà, ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n má kọ good luck befell me nínú èsé, wọ́n á ka máàkì kúrò.

TíṣàLítíréṣọ̀
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ Bàbá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mo fẹ́ pín wọn sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀nà kan, ìṣubú, ìpàdé, ìrìn, ìjáde, àti ìhó tí ọmọ Èkó fi kún un, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan àti ti ìgboro kan fún un. Ti ìpàdé ni mi ò rí slang sí, kẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n bá mi sọ.

Jídé_SE15
Tíṣà, ẹ lè lo run into sà, I ran into some drama. Kì í ṣe slang tán ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń sọ ọ́, òun àti occur ìsáré kan náà ni.

TíṣàLítíréṣọ̀
Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ó wọlé.

Bùkọ́lá_Yaba
Ẹ má bínú, ìbéèrè kan péré kí n tó lọ sùn. Àbúrò mi ń múra WAEC, wọ́n fún un ní ìpínrọ̀ kan tó ní It so fell out that the two brothers met again, wọ́n ní kó yan ìtumọ̀ fell out, ó yan quarrelled, wọ́n fi X sí i. Ó ń sunkún, ó ní òun mọ̀ pé fall out ìjà ni. Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún un?

Ìyá_Ìbejì
Má jẹ́ kó sunkún, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Kó ṣí Fílípì 1 ẹsẹ 12 nínú King James, Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n ó ń kọ̀wé pé the things which happened unto me have fallen out rather unto the furtherance of the gospel. Kò bá ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀, ó ń sọ pé ibi tí ọ̀rọ̀ òun yọrí sí ire ni. Happen àti fall out wà nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, kó há a sórí.

Àkàndé_Peckham
Bùkọ́lá, kó wo ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Tí it bá wà níwájú ẹ̀ tí that sì tẹ̀lé e, it fell out that, ó ṣẹlẹ̀ pé ni. Tí èèyàn bá wà níwájú ẹ̀ tí with tẹ̀lé e, he fell out with his brother, ìjà ni. Kò sígbà tí ìjà máa ní it níwájú.